Ẹni Tó Jókòó Lọ́wọ́ Òsì

Ọkọ̀ òyìnbó kéékèèké tí kò lórùlé, tó jẹ́ pé èèyàn méjì péré ló ń gbà, ni èmi àti Bọ̀ọ̀dá ń tún ṣe ní Ìyànà Ọ̀fà. Bọ̀ọ̀dá kì í ṣe ọmọ ìyá mi o. Òun ló kọ́ mi níṣẹ́ kí a tó jọ dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀. Èmi ń ṣe ẹ́ńjìnnì, òun ń lu ara ọkọ̀. Àwọn tó lọ kàwé n'Ìlú Ọba ló kó àwọn ọkọ̀ náà bọ̀ láyé àtijọ́. Nígbà tó fi máa kàn wá, ẹ̀yìnkùlé ni a ti ń bá wọn, adìyẹ a ti yé sábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. A máa ń wọ abúlé kiri, láti Akínyẹlé dé Ẹ̀gbẹ́dá, à ń wá òkú ọkọ̀ tí a lè yọ páàtì lára rẹ̀.

Bí Bọ̀ọ̀dá bá fẹ́ lu ọkọ̀, á kọ́kọ́ dijú, á fi àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún ra ara rẹ̀ bí ẹni ń wá ibi tó ń dun ọmọ. Ibi tí páànù ti tẹ̀ wọnú tí ojú ò lè rí, ọwọ́ yẹn á rí i.

Ọkọ̀ Dókítà kan ní Ọlọ́runṣògo ló kó wa sí wàhálà. Ọ̀tún ni sítíárìn rẹ̀ wà, torí òsì ni ọkọ̀ ń gbà níbí nígbà tó dé, kí ìjọba tó yí i sọ́tùn-ún. Bọ̀ọ̀dá ní kí a gbé sítíárìn náà sósì. Dókítà kọ̀.

"Bí wọ́n ṣe ṣe é ni mo fẹ́ ẹ. Ẹ má bá mi sọ ọ́ dọmọ àlè."

Mo gbè sẹ́yìn Dókítà. Iṣẹ́ ìyẹn pọ̀, mo sì fẹ́ kí ọkọ̀ náà tètè kúrò nílẹ̀.

Ẹni tó bá wà á lọ́tùn-ún kò lè rí iwájú bí ọkọ̀ ńlá bá dí i. Ẹni tó jókòó lósì ló máa bá a wò ó. Nígbà tí a gbé e jáde láti dán an wò, Bọ̀ọ̀dá ló wà á, èmi ni mo wà lósì. A ò ṣàdéhùn ohun tí n ó máa wí.

A há sẹ́yìn lọ́rì onípákó kan, èéfín rẹ̀ ń ta wá lójú.

"Ṣé ọ̀nà ṣí?" Bọ̀ọ̀dá pariwo. "Àbí o ti sùn ni?"

Mo nàgà wò. Píkọ̀ọ̀pù tó kó ọsàn ń sáré bọ̀. Mo kígbe, Bọ̀ọ̀dá sì yà síta.

Bó ṣe rí píkọ̀ọ̀pù náà, ó já ọkọ̀ wa sínú oko ẹ̀gẹ́ lódìkejì títì, a lọ forí sọ kùkùté. Kò sóhun tó ṣe mí. Ọwọ́ ọ̀tún Bọ̀ọ̀dá há sáàárín sítíárìn àti ilẹ̀kùn, ọrùn ọwọ́ ti yí sódì. Kí n tó ní pẹ̀lẹ́, ohun tó jáde lẹ́nu mi ni:

"'Ó ń bọ̀' ni mo wí o!"

Ó wò mí. "'Máa bọ̀' ni mo gbọ́." Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò lè rín in. "Tóò, ó kúkú ti dé báyìí."

Bàbá kan ní Akínyẹlé ló bá a to egungun. Gbogbo ẹni tó wá kí i ni mo ń ṣàlàyé fún, pé 'ó ń bọ̀' ni mo wí, pé atẹ́gùn ló gbé iwájú ọ̀rọ̀ lọ. Ìyàwó rẹ̀ ń gbọ́, kò dá sí i. Lọ́jọ́ kan ó gbé omi wá fún mi.

"Ẹ mu omi. Ọ̀fun yín á ti gbẹ."

Nígbà tí wọ́n tú ọ̀já ọwọ́ náà, ó lè di òòlù mú. Ṣùgbọ́n Bọ̀ọ̀dá dijú, ó fi àtẹ́lẹwọ́ ra ara ọkọ̀ Dókítà lọ, ó ra á bọ̀, kò dúró níbì kankan.

"Ó dán," ó ní.

Èmi tí mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ń fojú lásán wo ibi tó tẹ̀ wọnú. Ó lajú, ó rí ojú mi.

"Ibo ni?"

Mo fìka hàn án. Ó gbé ọwọ́ síbẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ títí, ó mirí pé ọwọ́ òun ò mọ nǹkan kan.

"Kí lo wí gan-an lọ́jọ́ yẹn?"

Mo yanu láti wí èyí tí mo ti ń wí fáráyé. Kò jáde. Mo ti wí i títí, n kò gbọ́ ohùn mi ọjọ́ náà mọ́.

"Bọ̀ọ̀dá, mi ò mọ̀."

Ó na òòlù sí mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í lù.

"Rọra. O ò lù ú, ńṣe lò ń nà án."

Mo rọra. Síbẹ̀, ojú ibẹ̀ kò tọ́.