Iná tó Wá láti Ẹ̀gbẹ́

Àǹtí Kí-ló-fà-á ni àwọn ọmọ àdúgbò ń pe àbúrò mi obìnrin tó ń ránṣọ. Wọ́n ní abéèrè kì í ṣìnà, ṣùgbọ́n tiẹ̀ ti pọ̀ jù. Bí o bá ní òjò ń bọ̀, á ní ta ló sọ fún ọ.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni kò lè béèrè: ìdí tí Bàbá wa ò fi fẹ́ iṣẹ́ rẹ̀. Bàbá wa, birikilà tó ń tún ọnà ara àwọn ilé àtijọ́ ṣe, fàáké kọ́rí pé ọmọ àwọn kò ní ṣe télọ̀. Wọn ò wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ títí wọ́n fi kú.

Òpópó àtijọ́ ni ṣọ́ọ̀bù náà wà. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, kò sẹ́ni tó ń gba ibẹ̀ mọ́ nítorí òkùnkùn. Mo pàṣẹ pé kó kó ẹ̀rọ rẹ̀ wá sílé mi. Ó gbà, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ bàjẹ́.

Ọ̀sẹ̀ tó ń di ẹrù rẹ̀ ni ìjọba ìbílẹ̀ gbé iná wá sí òpópó náà. Wọ́n fi í sókè fíofío, ó mọ́lẹ̀ yòò, síbẹ̀ ńṣe làwọn èèyàn ń sáré kọjá. Àbúrò mi lọ bá oníná nídìí àkàbà.

"Bọ̀dá, kí ló dé tí ọnà ara ògiri fi rí pẹlẹbẹ báyìí?"

"Mà, iná lẹ béèrè, iná la gbé wá."

"Ẹ má bínú. Tí mo bá fẹ́ rí ibi tí abẹ́rẹ́ gbà lára aṣọ, ẹ̀gbẹ́ ni mo ti ń tan iná sí i."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín pé télọ̀ fẹ́ kọ́ òun níṣẹ́. Síbẹ̀, ó gbé iná kan sí ìdí ògiri ṣọ́ọ̀bù, ó kọ ojú rẹ̀ sókè. Ewé yọ lára ọnà ògiri, ẹja yọ, ẹyẹ yọ. Àwọn tó ń kọjá dúró.

Lókè ilẹ̀kùn, lábẹ́ ọ̀dà, a rí àwòrán sísọ́ọ̀sì kékeré kan tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì yà.

"Ọdún tí mo ṣí ṣọ́ọ̀bù ni Bàbá rẹ́ ògiri yìí," àbúrò mi ní. "Wọ́n ní onílé ló bẹ àwọn níṣẹ́."

Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ojú ti èmi náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú ẹrù tí mo ní kó dì.

Wọ́n ti gbé gbogbo iná òpópó náà sísàlẹ̀ báyìí. Onígbàjámọ̀ tó ti kó kúrò níbẹ̀ nítorí òkùnkùn ti padà, ẹni tó ń tàwé náà ti tún ṣílẹ̀kùn. Nírọ̀lẹ́, àwọn àlejò a máa béèrè ẹni tó ya sísọ́ọ̀sì.

"Bàbá mi ni," àbúrò mi á ní. "Iṣẹ́ mi ni wọ́n yà."