Apá Ọ̀tún Ibùkún

Ìyá ọkọ mi ló kọ́kọ́ rí i. Ọjọ́ kẹta tí a ti ọsibítù dé sí Ajégúnlẹ̀, ó wẹ ọmọ tán lórí ẹsẹ̀, ó sì fẹ́ gbé e lápá méjèèjì kó nà án bí àwọn ìyá wa ti ń ṣe. Apá òsì ń jà. Ti ọ̀tún kàn rọ̀ wálẹ̀.

"Ìyàwó, kí ló ṣe apá yìí?"

A padà sí ọsibítù, a jókòó títí ọ̀sán. Dókítà ní ọmọ náà tóbi, èjìká rẹ̀ há nígbà ìbí, iṣan tó ń gbé agbára láti ọrùn wá sí apá sì nà jù. Ó bi mí bí mo ṣe sanra tó kí n tó lóyún. Ojú tì mí. Tẹ́ẹ́rẹ́ ni mí tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ìgbéyàwó kù díẹ̀, tí àwọn ará ilé ọkọ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, mo lo oògùn ìsanra títí aṣọ kò fi gbà mí mọ́. Gbogbo àdúgbò ń yìn mí. Dókítà ní irú ìsanra bẹ́ẹ̀ lè fa àtọ̀gbẹ inú oyún, ṣúgà ẹ̀jẹ̀ ìyá a sì mú kí ọmọ tóbi jù. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó sanra ló ń rí i. Èmi rí i, n kò sì ṣe àyẹ̀wò ṣúgà tí wọ́n ní kí n ṣe.

Síkírá tó ń gbé yàrá kejì sí wa bímọ lọ́sẹ̀ kan náà. Mo jowú rẹ̀, n ò ní parọ́. Tó bá ti ní "pàtẹ́wọ́ fún mọ́mì," tí ọmọ rẹ̀ pàtẹ́wọ́, mo ti ti ilẹ̀kùn. Ọmọ tirẹ̀ ń rá, tèmi ń fi apá kan wọ́lẹ̀. Mo tiẹ̀ máa ń yẹ ọmọ náà wò bóyá mo lè rí àléébù kan lára rẹ̀. Kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mo ń pọn Ibùkún gba àárín àwọn tírélà Creek Road lọ sọ́dọ̀ obìnrin tó ń fi ìdárayá tọ́jú iṣan. Ó kọ́ mi bí màá ṣe máa rọra gbé apá náà nígbàkígbà tí mo bá pààrọ̀ ìlédìí. "Ẹ má fi apá gbé e mọ́ o. Ẹ sọ fún màmá." Ìyá ọkọ mi bínú, ṣùgbọ́n ó gbà.

Ó ku díẹ̀ kí Ibùkún pé ọmọ ọdún kan. Síkírá gbé ọmọ rẹ̀ wá sí ẹnu ọ̀nà wa, bísíkíìtì wà lọ́wọ́ ọmọ náà. Mo ṣì ń wá ibi tí màá gbà wọlé nígbà tí Ibùkún na apá ọ̀tún, ó já bísíkíìtì náà gbà. Ọmọ Síkírá figbe ta.

"Ìyá Ibùkún, ọwọ́ ọ̀tún ni o! Na that hand!" Síkírá ti ń sunkún. "Gbogbo àsùbáà ni mo fi ń bẹ Ọlọ́run."

Apá náà kò tíì ga dé orí, ṣùgbọ́n ó ń di nǹkan mú. Ara tí mo fi oògùn fẹ̀ kí wọ́n lè yìn mí, òun náà ló gbé ọmọ yìí dé ayé. N ò bú u mọ́. Mo ti dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo ti dúpẹ́ lọ́wọ́ obìnrin ìdárayá. Síkírá ni mo ṣì ń wá ẹnu tí màá fi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.