Géèjì Mẹ́ta àti Etí Ọkọ Mi

Ìfura loògùn àgbà, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ òótọ́ ni, kò yẹ kí orí fọ́ ẹnikẹ́ni nílé tiwa láé, torí a ní oògùn náà nílẹ̀ rẹpẹtẹ. Ọkọ mi ń fura sí gbogbo irin tí kò bá ti ọwọ́ ara rẹ̀ jáde. Èmi ń fura sí ọkọ mi.

Mẹkáníìkì alùpùpù ni. Àwọn alùpùpù àtijọ́ ló mọ̀ jù, àwọn tí ẹni tó kọ́kọ́ gùn wọ́n ti darúgbó tàbí ó ti kú. Elétí Ehoro ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe pé etí rẹ̀ gùn o. Etí kékeré báyìí ni, ó lẹ̀ mọ́ orí. Ohun tó ń fi etí náà ṣe ló sọ ọ́ lórúkọ. Alùpùpù á ṣì wà ní ìkóríta, á ti ní púlọ́ọ̀gì ọ̀tún ló ń ṣe é. Àwọn èèyàn á rẹ́rìn-ín, wọ́n á tú u wò, bó ṣe wí náà ni wọ́n á bá a.

Aránṣọ lèmi. Iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni máṣíìnì mi wà, lábẹ́ páànù kan náà, lápá òsì ibi tó máa ń lóṣòó sí. Òun á máa tú, èmi á máa rán, a ó sì máa bára wa sọ̀rọ̀ láì gbójú sókè. Ọjọ́ orí wa ò fi bẹ́ẹ̀ jura lọ, "o" ni mo máa ń sọ fún un. Àfi tí oníbàárà bá dé ni mo máa ń sọ ọ́ di "ẹ", kí wọ́n má baà ní mi ò lẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tó yá ni mo rí i pé èmi nìkan ló ń sọ̀rọ̀.

Mo rántí ọjọ́ tó kọ́kọ́ dùn mí dé egungun. Àbígbẹ̀yìn wa obìnrin ló kó lọ sílé ọkọ. A sìn ín dé ìdí ọkọ̀, a padà sẹ́nu iṣẹ́, mo jókòó, mi ò lè rán nǹkan kan. Mo wá wí pẹ̀lẹ́ pé, "Bàbá wọn, ilé ti dá o. Àwa méjì náà ló kù." Ọkọ mi ò dáhùn. Kò tilẹ̀ wò mí. Ìdè irin kan lára alùpùpù ló ń tú, ó sì ń tú u lọ bí ẹni pé kò sí èèyàn níbẹ̀. Mo gbé ọ̀rọ̀ mi mì, mi ò tún un sọ mọ́.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ṣọ́ ọ. Tí mo bá bi í ní nǹkan, ìgbà mìíràn á dáhùn, ìgbà mìíràn á ṣe mí bí ẹni pé ògiri ló sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ lọ wò ó lọ́dọ̀ Onísípíà! Obìnrin tó ń ta ẹ̀yà alùpùpù lódìkejì títì lèyí. Ó kéré sí mi, ó sì lẹ́wà, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Tóyẹn bá ń sọ̀rọ̀, ṣe ni ọkọ mi á gbé orí sún mọ́ ẹnu rẹ̀, á tẹ ọrùn báyìí, kò ní jẹ́ kí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan bọ́ sílẹ̀. Họ́wù! Etí tó di sí ìyàwó ilé ló là sí Onísípíà? Mo ní kò burú. Etí mẹ́ta ò yẹ orí, màá rí ìdí ẹ̀.

Ibẹ̀ la wà tí ọ̀rọ̀ alùpùpù Tísà fi dé.

Tísà ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Bàbá rẹ̀ ló fi alùpùpù náà sílẹ̀ fún un. Dúdú ni, táǹkì rẹ̀ ní ìlà aláwọ̀ wúrà, irú rẹ̀ ò sí lójú títì mọ́. Kabúrétọ̀ méjì ló ní, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, méjèèjì sì gbọ́dọ̀ máa fa afẹ́fẹ́ lọ́gbọọgba. Tí ọ̀kan bá fà ju èkejì lọ, gbogbo alùpùpù á máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Ọkọ mi ní ọ̀nà tirẹ̀ tó ń gbà mú wọn dọ́gba: rọ́bà gígùn méjì. Á lóṣòó sẹ́yìn alùpùpù, á ki orí rọ́bà kan bọ etí òsì, á gbé ẹnu rẹ̀ sí kabúrétọ̀ òsì. Á ki èkejì bọ etí ọ̀tún, á gbé ẹnu rẹ̀ sí kabúrétọ̀ ọ̀tún. Afẹ́fẹ́ á máa súfèé sí i létí méjèèjì, òun á máa yí ìdè wọn díẹ̀díẹ̀ títí súfèé méjèèjì á fi dọ́gba. Iṣẹ́ tí wọ́n ń torí ẹ̀ wá a wá láti ọ̀nà jíjìn nìyẹn.

Ọkọ mi ṣe é tán, Tísà gba alùpùpù, ó gùn ún lọ, ó gbé e padà, ó ní ó ń gbọ̀n. Ọkọ mi tún un ṣe. Ó tún gbé e padà. Nígbà tó tún máa dé, kò tiẹ̀ tíì sọ̀ kalẹ̀ tán tó fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

"Ọ̀gá mẹkáníìkì, eyín ń gbá ara wọn lẹ́nu mi lórí nǹkan yìí. Ẹ lọ ra géèjì. Ojú ni wọ́n fi ń wò ó báyìí, wọn kì í fetí ṣe é mọ́."

"Tísà, kò sóhun tó ń ṣe alùpùpù yín. Títì ni kò dáa."

"Títì tí mo ti ń gbà látijọ́ náà ni. Ẹ má bínú o, tó bá tún gbọ̀n, màá gbé e lọ síbòmíràn."

Kò sẹ́ni tí ò mọ ohun tí ìyẹn já sí. Tísà ni aṣáájú gbogbo àwọn tó ní alùpùpù àtijọ́; ibi tó bá gbé tirẹ̀ lọ ni wọ́n á wọ́ tẹ̀ lé e. Tí Elétí Ehoro ò bá wá lè mú kabúrétọ̀ méjì dọ́gba mọ́, kí ló kù tó ń jẹ́? Mo wò ó bó ṣe ń nu ọwọ́ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀, àánú rẹ̀ ṣe mí, inú sì tún ń bí mi sí i.

Bó ṣe kọjá sọ́dọ̀ Onísípíà, mo gbé téèpù kọ́rùn, mo tẹ̀ lé e. Mo ní mo fẹ́ ra òróró máṣíìnì. Irọ́ ni, òróró wà nílé. Mo fẹ́ fimú fínlẹ̀ ni. Onísípíà kó géèjì mẹ́ta sórí káńtà, ohun tí wọ́n fi ń wọn bí kabúrétọ̀ ṣe ń fa afẹ́fẹ́ sí. Ọ̀kan ní ojú méjì bí aago, abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan nínú wọn. Ọ̀kan jẹ́ ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí omi pupa wà nínú wọn. Ẹ̀kẹta ò ju ife kékeré lọ, ó ní kóró kan nínú tó máa ń fò sókè bí afẹ́fẹ́ bá ṣe le tó.

"Ọ̀gá, ẹ mú wọn lọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ dán wọn wò. Èyí tó bá tẹ́ yín lọ́rùn lẹ ó rà."

Ọkọ mi gbé orí sún mọ́ ọn. Mo la ojú sílẹ̀ kedere. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ ju géèjì lọ, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣọ́ olè kì í torí pé olè ń rẹ́rìn-ín kó lọ sùn.

Nígbà tá a ń padà, ó ń dá sọ̀rọ̀. "Kí ló dé tó ń ṣe wá lóore tó báyìí? Àwọn ọlọ́jà tí mo mọ̀, wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀."

"Ìwọ náà lo mọ ohun tó wà láàárín yín," mo ní. Kò fọhùn.

Ó gbé géèjì olójú méjì sára alùpùpù. Ó ti kọ́kọ́ fi etí mú kabúrétọ̀ méjèèjì dọ́gba, ó fẹ́ fi dán géèjì wò. Abẹ́rẹ́ ò dọ́gba. Géèjì ní ti òsì ń fà jù. Ọkọ mi kọ hàà, ó ní irọ́ ni géèjì ń pa! Ó wá pààrọ̀ ẹnu rọ́bà géèjì náà, èyí tó wà lósì lọ sọ́tùn-ún, èyí tó wà lọ́tùn-ún wá sósì. Ó ṣàlàyé fún mi pé tó bá jẹ́ géèjì ló ń purọ́, ẹ̀sùn á kúrò lórí kabúrétọ̀ òsì, á bọ́ sórí ti ọ̀tún. Ẹ̀sùn ò kúrò. Kabúrétọ̀ òsì náà ni abẹ́rẹ́ kejì tún ń fẹ̀sùn kàn.

"Wọ́n ti jẹ́ kí eléyìí já bọ́ rí," ló wí, ó dá a padà.

Onísípíà fún un ní ìgò olómi pupa, ó ní omi kì í purọ́. Ohun kan náà ni omi wí. Ó pààrọ̀ ẹnu rọ́bà, ohun kan náà ni. Ó ní afẹ́fẹ́ ti kó sínú omi. Ó mú ife kékeré wá. Èyí ò tiẹ̀ ní ẹnìkejì tí wọ́n á jọ gbìmọ̀; ẹyọ kan ṣoṣo ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń gbé e sí ẹnu kabúrétọ̀. Lọ́tùn-ún, kóró náà fò dé àárín. Lósì, ó fò kọjá àárín lọ sókè.

Ọkọ mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Wọ́n ti jọ sọ ọ́," ó ní. "Tísà àti Onísípíà. Wọ́n fẹ́ sọ mí dẹlẹ́yà ládùúgbò yìí. Obìnrin burúkú! Mo ti mọ̀ látọjọ́ tó ti ń rẹ́rìn-ín sí mi."

Ìgbà yẹn ni ìfura tèmi kọ́kọ́ mì. Ọkùnrin kì í bú àlè ẹ̀ báyìí.

"Bàbá wọn," mo pè é látìdí máṣíìnì mi. Ó dákẹ́. Mo tún pè é. Ó dákẹ́. Mo dìde, mo lọ dúró sí iwájú rẹ̀ gangan.

"Tí téèpù mẹ́ta bá wọn aṣọ kan, tí ohùn wọn ṣọ̀kan, tí ìka ọwọ́ mi wá ní òun ò gbà, ṣé téèpù ni màá kó dànù?"

"Etí mi kì í ṣe ìka ọwọ́."

"Kí ni etí rẹ? Ohun tó o ṣe fún géèjì, ṣe é fún òun náà. Pààrọ̀ rọ́bà."

Ó gbójú sókè wò mí. Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Mo ti múra sílẹ̀ de ìbínú, ìbẹ̀rù ni mo rí. Ọkọ mi ti ń bẹ̀rù nǹkan yìí tipẹ́, kò sì jẹ́ sọ ọ́ fún ara rẹ̀.

Ó tan alùpùpù. Ó ki rọ́bà bọ etí méjèèjì bó ṣe máa ń ṣe, ó mirí, ó ní, "Ó dọ́gba." Mo bá tẹ̀ ba, mo pààrọ̀ ẹnu rọ́bà: ti etí òsì sí kabúrétọ̀ ọ̀tún, ti etí ọ̀tún sí kabúrétọ̀ òsì. Ọkọ mi fà sẹ́yìn, ó yọ rọ́bà etí ọ̀tún kíá bí ẹni tí wọ́n pariwo mọ́. Ó wá fi àtẹ́lẹwọ́ bo etí ọ̀tún náà. Rọ́bà etí òsì nìkan ló kù níbẹ̀. Ó ń tẹ́tí, ó ń tẹ́tí.

"Súfèé dà?" ó bi mí.

Èmi ń gbọ́ ọ láti ibi tí mo wà.

Ó pa alùpùpù. Ó ká rọ́bà méjèèjì, ó tún tú wọn, ó tún ká wọn. Kò sọ̀rọ̀ Tísà, kò sọ̀rọ̀ Onísípíà. Ó yí ojú sí ibi tí máṣíìnì mi wà lápá òsì, ó wò ó pẹ́.

"Láti ìgbà wo lo ti ń pè mí tí mi ò dáhùn?"

Kí ni mo fẹ́ wí? Ẹ̀sùn tí mo ti kó jọ kún àpò, mi ò mọ ibi tí màá dà á sí mọ́.

"Mo máa ń rí ètè rẹ tó ń mì," ó ní. "Mo rò pé ò ń bú mi lábẹ́lẹ̀ ni. Mo ní ó dáa, kó máa bú mi lọ."

"Ìwọ náà ń fura sí mi?"

"Kí ló dé? Ìwọ ò fura sí mi rí ni?"

Mo ní rárá o, èmi kẹ̀! Ọlọ́run á foríjì mí. A bá bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì gbé omi sójú mi, mo fi etí aṣọ oníbàárà nù ún.

Géèjì olójú méjì ló rà, èyí tó kọ́kọ́ bú. Ó ní ẹni téèyàn bú jù ló yẹ kó bẹ̀. Ó fi mú kabúrétọ̀ dọ́gba, Tísà gùn ún lọ, ó sì padà wá láì gbọ̀n.

"Ọ̀gá, ẹ ti ra géèjì nìyẹn."

"Mo ti rà á, Tísà. Etí mi òsì ti kú, òun ló ń mú mi ṣí kabúrétọ̀ òsì jù."

Bó ṣe wí i nìyẹn, láì bo nǹkan kan. Mo ní ó parí, wọ́n á kó alùpùpù wọn lọ. Tísà wò ó.

"Ọ̀kan tó kù yẹn tó," Tísà dáhùn. "Mo kọ́ ọmọ títí mo fi fẹ̀yìn tì, etí méjì ni gbogbo wọn ní, wọn ò gbọ́ nǹkan kan." Ó ní àbúrò òun náà ń gbé tirẹ̀ bọ̀.

Mo kọjá sọ́dọ̀ Onísípíà, mo kí i tọ̀yàyàtọ̀yàyà, mo bi í léèrè ilé, mo bi í léèrè ọmọ. Ẹnu yà á. Ó ní, "Àǹtí, mo rò pé ẹ ti mọ̀. Tí n ò bá sọ̀rọ̀ sétí ọ̀tún wọn, wọn kì í gbọ́ mi." Mo ní mo mọ̀, mo ra òróró tí mi ò nílò.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo bá ọkọ mi níbi tó ti ń fa máṣíìnì mi lórí sìmẹ́ńtì, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó gbé e gba ẹ̀yìn alùpùpù kọjá, ó gbé e kalẹ̀ lápá ọ̀tún, ó gbé àga mi tì í. Kò ṣàlàyé, mi ò bi í. Ó padà lọ lóṣòó sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Mo jókòó. Mo ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Mi ò gbé ohùn sókè rárá, bí mo ṣe wí i lọ́jọ́ yẹn náà ni mo wí i.

"Bàbá wọn, ilé ti dá o. Àwa méjì náà ló kù."

Kò gbójú sókè. Ó ń tú ìdè lọ.

"Àwa méjì náà ṣá ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀," ó ní, ó sì ní kí n bá òun mú ìdè tó yí lọ sábẹ́ ẹsẹ̀ mi.