Ìwé Ìlò Tí Ìyàwó Àtijọ́ Kọ

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ìbínú obìnrin tí wọ́n pa tì máa ń tètè rọlẹ̀. Ti Alálàyé ò rọlẹ̀ rárá. Alálàyé ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, torí òun ló ń kọ ìwé ìlò fún gbogbo irinṣẹ́ orí kọ̀ǹpútà tí ilé-iṣẹ́ wọn bá ṣe. Ẹni tó pa á tì náà wà nínú ọ́fíìsì kan náà, gíláàsì lásán ló pín wọn. Ẹnjiníà ni. Lọ́jọ́ tó kó ẹrù rẹ̀ kúrò nílé, ó ní ìfọ̀kànbalẹ̀ lòun ń wá lọ. Ìfọ̀kànbalẹ̀ ọ̀hún a máa kun ètè.

Ẹnjiníà yìí ló ṣe irinṣẹ́ kan tó ń tún ṣíìtì ṣe, ìyẹn àwọn ojú-ìwé onílà tí ọ́fíìsì ń to orúkọ àti iye sí lórí kọ̀ǹpútà. Kì í ṣe ènìyàn ló máa lò ó. Àwọn aṣojú ni, ẹ̀rọ onílàákàyè tí à ń rán níṣẹ́ bí ẹni rán ọmọ. Wọ́n á ka ìwé ìlò, wọ́n á sì ṣe ohun tí wọ́n bá kà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí wọ́n ti dán an wò ni wọ́n ń pa orúkọ olórúkọ rẹ́. Ọ̀gá ti là á mọ́lẹ̀: bó bá tún bàjẹ́ níwájú àwọn oníbàárà lọ́jọ́ Ẹtì, irinṣẹ́ àti ẹni tó ṣe é á jọ gba ẹnu ọ̀nà jáde.

Nígbà tí Alálàyé gbọ́, inú rẹ̀ dùn, kò sì tijú pé ó dùn. Ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun.

Ẹnjiníà wá bá a nídìí tábìlì rẹ̀, ojú rẹ̀ rọ̀ bí ojú ẹni tó fẹ́ yáwó.

"Ìyàwó mi, jọ̀ọ́..."

"Ta nìyàwó ẹ?"

"Má bínú. Ọ̀rọ̀ 'pa' yẹn ni. Tí wọ́n bá kọ 'pa' pẹ̀lú àmì lẹ́yìn ẹ̀, á pa ìlà yẹn mọ́, kò kàn ní hàn lójú ni. Tí wọ́n bá gbàgbé àmì, á pa á rẹ́ pátápátá. Mi ò ráyè tún un ṣe. Má kọ ọ́ síbẹ̀, jọ̀ọ́. Bá mi bo àṣírí."

"Mo ti gbọ́," ni Alálàyé wí.

Ó gbọ́ lóòótọ́. Bí Ẹnjiníà ṣe kẹ̀yìn báyìí, obìnrin yìí ká apá aṣọ sókè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé. "Ìkìlọ̀! Ọ̀lẹ ló ṣe irinṣẹ́ yìí. Kò mọ ìyàtọ̀ láàárín kí a pa nǹkan mọ́ àti kí a pa á rẹ́. Má ṣe kọ 'pa' láìfi àmì sí i. Kó o tó fọwọ́ kan ìlà kankan, ṣe ẹ̀dà ṣíìtì náà, torí ẹni tó ṣe é ò rántí pé ènìyàn lè kábàámọ̀." Ó tú gbogbo àléébù irinṣẹ́ náà síta, kéékèèké àti ńláńlá, kò ṣẹ́ ọ̀kan kù. Bó bá ti bú u tán, á kọ ohun tí ènìyàn lè ṣe kó má baà kó sí wàhálà, torí pé bó ṣe mọ ìwé kọ nìyẹn. Lọ́kàn rẹ̀, ó ti ń wo Ọ̀gá bó ṣe ń kà á, tó ń pòṣé.

Ọ̀gá ò kà á. Ọ̀gá kì í ka ìwé gígùn. Ó gbé e fún àwọn aṣojú bó ṣe wà.

Ohun tí Alálàyé gbàgbé nìyẹn, òun tó yẹ kó mọ̀ ju gbogbo wọn lọ. Bó bá jẹ́ ènìyàn ló kà á ni, á fi Ẹnjiníà ṣẹ̀sín títí ilẹ̀ á fi ṣú. Aṣojú ò mọ ẹ̀sín. Ibi tó ti kọ "ọ̀lẹ", wọ́n fò ó kọjá. Ibi tó ti kọ "ṣọ́ra", wọ́n ṣọ́ra. Lọ́jọ́ Ẹtì, ìlà kan ò sọnù. Àwọn oníbàárà pàtẹ́wọ́, wọ́n ra irinṣẹ́ náà lójú ẹsẹ̀, Ọ̀gá sì fi Ẹnjiníà ṣe olórí ẹ̀ka.

Ẹnjiníà tún wá sídìí tábìlì, Ọ̀gá tẹ̀ lé e, ẹ̀rín kún ẹnu wọn. Omi lé ròrò lójú ọkùnrin náà.

"Mo ti ka gbogbo ẹ̀," ni ó wí jẹ́jẹ́. "O bú mi, àmọ́ o ò jẹ́ kí n ṣubú. Mo mọ̀ pé o ṣì fẹ́ràn mi."

Alálàyé la ẹnu. Èébú tó wà níbẹ̀ lè kún ìwé ìlò mìíràn. Ṣùgbọ́n Ọ̀gá dúró tì wọ́n, ó ń mi orí, ó ń retí ohun tí ọmọlúàbí máa ń sọ.

"Kò tọ́pẹ́," ni Alálàyé wí.