Àǹtí Tú-u àti Kíndìnrín Kan Ṣoṣo

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni gbogbo àdúgbò ń pè ní Àǹtí Tú-u. Aṣọ ìgbéyàwó ló ń rán, ọ̀rọ̀ tó sì máa ń jáde lẹ́nu rẹ̀ jù ní ṣọ́ọ̀bù ni "tú u." Bí ojú rírán bá fi díẹ̀ wọ́, ọmọṣẹ́ á tú u, á tún un rán, kódà bí ìyàwó ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà. Òun náà ló fún mi ní kíndìnrín rẹ̀ kan nígbà tí tèmi méjèèjì daṣẹ́ sílẹ̀. Kò bá ẹnikẹ́ni ṣèpàdé. Ó ní kí n yé sunkún bí ọmọ ọwọ́, ó sì lọ sùn sórí bẹ́ẹ̀dì iṣẹ́ abẹ.

Nítorí náà, lọ́jọ́ tí àyẹ̀wò rí kókó kan, tí kò ju bọ́tìnì kóòtù lọ, lára ẹyọ kan tó kù fún un, mo tẹ̀lé e lọ bá dókítà. Bí wọ́n bá yọ kíndìnrín yẹn, ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ ni yóò máa gbé e ró. Mo mọ ẹ̀rọ yẹn. Mo ti jókòó tì í rí.

Dókítà ní ibi tí kókó náà wà jìn, ó ṣòro láti gé òun nìkan. Ó ní kì í ṣe gbogbo irú rẹ̀ ló jẹ́ jẹjẹrẹ, òun fẹ́ fi abẹ́rẹ́ mú bíńtín níbẹ̀ lọ yẹ̀ wò kí ẹnikẹ́ni tó gbé ọ̀bẹ. Bọ̀dá, ẹ̀gbọ́n wa àgbà, fárígá. Awakọ̀ ni, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ àìsàn bá dé, ẹnu ẹ̀ a máa mú ju ti dókítà lọ. Ó ní abẹ́rẹ́ á bí nǹkan náà nínú, á sì tàn kálẹ̀, kí wọ́n yáa yọ gbogbo ẹ̀ kíá. Dókítà fi sùúrù ṣàlàyé pé ìyẹn ṣọ̀wọ́n gan-an; ohun tó ṣeé ṣe jù ni kí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ jáde, tàbí kí èsì má dájú kí wọ́n sì tún un ṣe. Àǹtí jẹ́ kí Bọ̀dá rojọ́ tán.

"Ẹ ṣeun, Bọ̀dá mi," ó ní. "Àmọ́ ara tèmi ni. Mi ò ní jẹ́ kí wọ́n gé ohun tá ò tíì mọ̀ bóyá ó bàjẹ́."

Nọ́ọ̀sì ló ròyìn ìyókù fún wa. Wọ́n ní kó dojú bolẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n pa ẹ̀yìn rẹ̀ kú kó má bàa mọ ìrora, wọ́n ní kó sé èémí. Aránṣọ tó ti ń sé èémí fi òwú bọ ihò abẹ́rẹ́ láti kékeré! Dókítà mú tirẹ̀ tán, ó fa abẹ́rẹ́ yọ, Àǹtí ṣì sé e pa, àfìgbà tí wọ́n bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́, kó mí.

Dídúró de èsì ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Ojú ń tì mí láti wò ó, bí ẹni pé mo jí nǹkan rẹ̀ gbé. Òun ní tirẹ̀ ń ránṣọ, ó ń jágbe mọ́ àwọn ọmọṣẹ́.

Nígbà tó yá, dókítà pè wá wọlé. Kì í ṣe jẹjẹrẹ. Kókó tí kì í ṣekú pani ni, wọn ò ní yọ ohunkóhun, wọ́n á kàn máa yẹ̀ ẹ́ wò lóòrèkóòrè. Àǹtí ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Bọ̀dá nu ojú rẹ̀, ó ní òun ti mọ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Bí a ṣe jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, Àǹtí, obìnrin tí mi ò rí kó jó rí, gbé báàgì lé mi lọ́wọ́, ó ká ìró sókè, ó sì bẹ́ sí ijó láàárín àwọn nọ́ọ̀sì. Mo gbá tẹ̀lé e. Kíndìnrín rẹ̀ kan wà lára rẹ̀, ìkejì wà lára mi, àwọn méjèèjì sì jó dé ẹnu géètì.