Ọmọ Tí Wọ́n Ní Kò Gbọ́

Èmi kì í tètè gba èèyàn gbọ́, ẹ jẹ́ kí n ti sọ ìyẹn ná. Ìyá tó bí mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló kọ́ mi pé ìfura loògùn àgbà. Mo sì ti lo oògùn náà débi pé ọkọ mi máa ń sọ pé bí òun bá kí mi káàárọ̀, ohun tí òun fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi ni màá kọ́kọ́ bèèrè. Kó máa sọ ọ́ lọ. Ẹni tó bá ń di irun obìnrin jẹun nílùú onílùú gbọ́dọ̀ la ojú rẹ̀ sílẹ̀.

Runjin Sambo, ní Sókótó, ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Ilé wa wà lẹ́yìn rẹ̀, ọkọ mi sì ń jó irin níwájú ìta. Pẹ̀lú ariwo jẹnẹrétọ̀ àti ti irin tí wọ́n ń gé látàárọ̀ dalẹ́, kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ nílé wa. Bí mo bá fẹ́ iyọ̀, màá pariwo iyọ̀. Àlejò tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé máa ń rò pé à ń jà ni. Inú ariwo yẹn la ti tọ́ ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún wa. Pírámárì kejì ló wà nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀.

Lórí Wásáàpù ni ilé ìwé wọn ti máa ń bá àwọn òbí sọ̀rọ̀. Tíṣà wọn, tí àwọn ọmọ ń pè ní Màláámà, kì í kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀, ohùn ló máa ń fi ránṣẹ́, ní Hausa: ẹ bá wọn gé èékánná, ẹ fún wọn ní omi dání nítorí oòrùn, kò sí ilé ìwé lọ́la. Àwọn òbí á dáhùn pé “Mun gode”, pé a dúpẹ́. Èmi náà á ní “Mun gode”, bẹ́ẹ̀ ìdajì ọ̀rọ̀ náà ni mo gbọ́. Hausa tèmi, Hausa ọjà ni. Mo mọ̀ ọ́n ná ẹran ní Kasuwar Kara, mo mọ̀ ọ́n fi tu oníbàárà lójú, mo sì mọ èébú, torí ẹni tí kò bá mọ èébú, wọ́n á máa bú u, á máa rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kan, ohùn Màláámà wọlé sórí fóònù mi. Kì í ṣe ibi tí gbogbo òbí wà ló fi í sí o, ọ̀dọ̀ èmi nìkan ló fi í ránṣẹ́ sí. Ìyẹn nìkan ti tó mi í fura. Ohùn náà kéré débi pé mo ní láti sá wọnú yàrá, kí n ti ilẹ̀kùn, kí n tó gbọ́ ọ. Ó pè mí ní Hajiya, èmi tí mi ò dé Mẹ́kà rí, ó kí mi, ó wá ní: “Yarinyar nan ba ta ji. Ya kamata a duba ta.”

Ba ta ji, pé ọmọbìnrin yìí kò gbọ́! Mo mọ ìyẹn dáadáa. Ládùúgbò wa, bí ọmọ kan bá gun ògiri tàbí tó ju òkúta, ohun tí ìyá rẹ̀ á pariwo nìyẹn. Rashin ji ni wọ́n ń pe agídí, àìgbọràn, kí ọmọ kọ etí ikún sí àgbà. Ọmọ tèmi! Ọmọ tó jẹ́ pé bí mo bá ní kó jókòó, á jókòó títí ìdí á fi máa ro ó.

Èyí tó wá dùn mí wọra ni duba. Wíwò ni duba, wọ́n ní kí a yẹ ọmọ mi wò. Kí ni wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò lára rẹ̀? Lọ́dọ̀ tiwa, ọmọ tí wọ́n bá ní kí òbí lọ yẹ̀ wò, wọ́n ti ń sọ láàárín ara wọn pé tirẹ̀ kì í ṣe ojú lásán, wọ́n ti ń pè é ní ẹlẹ́gbẹ́. Orí mi gbóná. Mo jáde lọ bá ọkọ mi nídìí irin.

Mo pariwo pé, “Bàbá ọmọ mi, wọ́n ní ọmọ yín kì í gbọ́ràn nílé ìwé! Wọ́n ní ká lọ yẹ̀ ẹ́ wò!”

Ó ṣí ìbòjú rẹ̀ sókè. “Bóyá lóòótọ́ ni. Ṣebí ìwọ lo bí i.”

“Ẹ má fi mí ṣeré o!”

“Lọ bá wọn níbẹ̀, kí o bi wọ́n léèrè.”

Kí n lọ bá wọn kí wọ́n lè kó Hausa bò mí mọ́lẹ̀? Èmi kọ́! Páńsá ò fura, páńsá já iná. Mo ní màá kọ́kọ́ wádìí ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọmọ.

Nígbà tó dé láti ilé ìwé, mo gbé e ka iwájú mi, mo wò ó lójú kòrókòró. Mo ní, “Ṣé o máa ń yájú sí Màláámà?”

“Rárá, Mọ́mì.”

“Ṣé o máa ń gbọ́ ohun tí wọ́n bá sọ?”

“Mo máa ń gbọ́.”

“Kí ni wọ́n wá ń fi ọ́ ṣe níbẹ̀?”

Ó rò ó díẹ̀. Ó ní wọ́n ti gbé òun kúrò lẹ́yìn wá síwájú, wọ́n sì máa ń fọwọ́ kan òun. Mo ní níbo? Ó fọwọ́ kan èjìká rẹ̀, ó sì di etí rẹ̀ ọ̀tún mú.

Àháà! Mo ti rí wọn. Wọ́n ń fa ọmọ mi létí. Wọ́n gbé e síwájú kí ọwọ́ wọn lè tètè tó o. Mo wá rántí oníbàárà mi kan, tó bínú kúrò ní ṣọ́ọ̀bù nítorí pé mo di irun rẹ̀ le jù. Ó ti sọ fún mi rí pé àbúrò òun ń kọ́ àwọn ọmọdé níwèé. Ọ̀rọ̀ ti yé mi, Màláámà ni àbúrò yẹn. Láti ọjọ́ náà, gbogbo ohùn tí Màláámà bá fi ránṣẹ́, “To” nìkan ni mo máa ń fi dá a lóhùn, ìyẹn ni pé ó dáa. Lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn ó bẹ̀ mí pé kí n máa bọ̀ lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀. Mo ní “To”. Mo sì múra lọ lọ́jọ́ Ọjọ́rú, kí wọ́n má bàa rí àyè tún ara wọn ṣe dè mí.

Mo wọ híjáàbù gígùn bíi ti àwọn ìyá tó kù, mo sọ̀ kalẹ̀ nínú kéké kí n tó dé géètì, mo sì gba ẹ̀yìn kíláàsì lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Mo ti ro Màláámà sí obìnrin gbàngbà kan tó ní ọwọ́ líle. Ọmọbìnrin tín-ín-rín kan ni mo rí tó kọjú sí pátákó. Mo tún fura sí ìyẹn náà, torí àwọn tín-ín-rín yẹn gan-an ló máa ń ṣe èèyàn.

Ó bèèrè ọ̀rọ̀ kan láì yíjú, ó sì pe ọmọ mi. Ọmọ mi ń wo pátákó, kò sọ nǹkan kan. Ó tún un pè. Àwọn ọmọ tó kù bú sẹ́rìn-ín. Mo di irin fèrèsé mú. Ẹ wò ó, wọ́n ti sọ ọmọ olọ́mọ di ẹlẹ́yà! Màláámà wo àwọn tó ń rẹ́rìn-ín, wọ́n dákẹ́, ó wá rọra rìn lọ bá ọmọ mi. Ó fọwọ́ kàn án léjìká. Ó bẹ̀rẹ̀, ó di etí rẹ̀ ọ̀tún mú, ó sì gbé ẹnu sí i.

Mi ò dúró gbọ́ ohun tó fẹ́ sọ síbẹ̀. Mo já wọ inú kíláàsì.

“Ẹ fi etí ọmọ mi sílẹ̀!”

Yorùbá ni mo fi sọ ọ́, kò yé ẹnì kan níbẹ̀ àfi ọmọ mi, tó yíjú, tó rẹ́rìn-ín sí mi. Mo wá kó Hausa jáde, gbogbo èyí tí mo ní, títí kan èyí tí mo kó ní Kara. Àwọn ọmọ dìde lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n fi ohùn orin kí mi, “Gúúdù mọ́nììn, máà!” Mo ṣì ń sọ̀rọ̀ lọ. Ìgbà tó rẹ̀ mí, Màláámà fọwọ́ kan etí ara rẹ̀.

“Hajiya, ba rashin ji nake nufi ba. Kunne. Kunnenta ne.”

Kunne mo mọ̀, etí ni. Ó ní kì í ṣe agídí lòun ń sọ, etí ọmọ náà ni. Mo ní irọ́ ni. Mo ní nílé wa, kò sí ohun tí mo sọ tí kò gbọ́. Ó ní kí n pè é, ó sì yí ọmọ náà kọjú sí pátákó. Bí mo ṣe la ẹnu, ó yára gbé ọwọ́ sókè: “A hankali, Hajiya.” Ohun tí mo máa ń sọ fún oníkéké nìyẹn bó bá ń sáré. Ó ní kí n rọra pè é, bí òun ṣe ń sọ̀rọ̀.

Mo rọra fi oríkì rẹ̀ pè é, oríkì tí ìyá mi fún un. Kò yíjú. Ọmọ tó jókòó tì í ló yíjú wò mí. Mo súnmọ́ ọn díẹ̀ sí i, mo tún un pè, ọrùn rẹ̀ kò mì. Mo rìn títí mo fi lè fọwọ́ kan aṣọ rẹ̀, mo ní, “Àbí o ò gbọ́ mi ni?” Ó ń wo pátákó, ó ń fi ẹsẹ̀ ṣeré lábẹ́ tábìlì. Ẹ̀rù bà mí.

Màláámà fi kíláàsì sílẹ̀ fún ẹlòmíì, ó tẹ̀ lé wa lọ sílé ìwòsàn kó lè bá mi bá dókítà sọ̀rọ̀. Nínú kéké, mo ṣì ń yọ́jú wo Màláámà, bí a bá ń sunkún a máa ń ríran. Ojú ọmọ mi lòun ń wò ní tirẹ̀.

Dókítà tan iná sí etí méjèèjì. Ó ní ọ̀fìnkìn ọyẹ́ ló kó sí i nínú, ọyún ti gbà á. Ó ní ọ̀tún á padà bí a bá lo oògùn dáadáa. Ti òsì, ó ní òun kò lè ṣèlérí. Mo bi í lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀rọ̀ kan náà ló sọ.

Bí a ṣe jókòó de oògùn lórí bẹ́ǹṣì, mo yí ojú ọmọ mi sí mi. “Báwo lo ṣe máa ń dá mi lóhùn nílé?”

“Ẹnu yín ni mo máa ń wò, Mọ́mì. Ẹ máa ń là á dáadáa.”

“Tí o ò bá wá rí ẹnu mi ńkọ́?”

Ó wò mí bí ẹni pé ìbéèrè náà kò ní làákàyè. “Ẹ ti dákẹ́ nìyẹn.”

Gbogbo Sátidé ni mo máa ń di irun rẹ̀. Á jókòó sílẹ̀ láàárín orúnkún mi, á kọ ẹ̀yìn sí mi. Ọkọ mi kì í ṣiṣẹ́ nírú àkókò yẹn, ilé á dákẹ́, èmi náà á sì rẹ ohùn sílẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti sọ fún un bí ìyá mi ṣe kú tí mi ò sí níbẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti máa ń sọ fún un pé òun nìkan ni mo ní. Á jókòó wọ̀ọ̀, kò ní já lu ọ̀rọ̀ mi, kò ní mira. Mo sì máa ń sọ lọ́kàn mi pé, ọmọ yìí mà ń gbọ́ràn o.