Ìyàwó Bàbá Inú Àlọ́

Mo mọ àlọ́ pa. Kì í ṣe pé mò ń fọ́nnu, iṣẹ́ mi ni. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé gírámà ní èdè Yorùbá ní Ayétòrò, kò sì sí ọdún tí n kì í pa àlọ́ ọmọ òrukàn fún wọn. Tí mo bá ti ń pa á, àwọn tó ń tòògbé lẹ́yìn á jí, olùkọ́ ìṣirò tó wà ní kíláàsì kejì á sì wá fara ti ojú fèrèsé wa, á ní òun kàn ń gba atẹ́gùn ni. Mo mọ ohun tó wá gbà.

Ẹ̀yin náà mọ àlọ́ ọ̀hún. Ìyá ọmọ kú, ọmọ wà lọ́wọ́ ìyàwó bàbá rẹ̀. Ó lọ fọ igbá létí odò, omi gbé igbá lọ. Ìyàwó bàbá ní, "Lọ wá igbá mi wá. Bí o ò bá rí i, má padà sílé yìí." Ọmọ tẹ̀lé odò títí tó fi bá ìyá arúgbó kan pàdé tí egbò bo ẹ̀yìn rẹ̀. Arúgbó ní kó bá òun fọ ẹ̀yìn, ọmọ fọ̀ ọ́, kò sì fajú ro. Ni arúgbó bá ní kó wọ yàrá kan lọ mú igbá. Àwọn igbá kan ń pariwo pé "Mú mi! Mú mi!" àwọn kan dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ó mú ọ̀kan nínú àwọn tó dákẹ́, ó fọ́ ọ nílé, ọrọ̀ kún ilé. Ìlara mú ìyàwó bàbá, ó rán ọmọ tirẹ̀ náà lọ. Ìyẹn yínmú sí arúgbó, ó mú igbá aláriwo, ejò àti àkeekèé ló tú jáde níbẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, mo máa ń kọ ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ sójú pátákó: ìtẹríba, sùúrù, ká má ṣe ojúkòkòrò, ká má fìyà jẹ ọmọ ọlọ́mọ. Mo máa ń wá ìkarùn-ún mọ́ ọn kí ìdánwò lè rọrùn. Ohun tí n kò kọ síbẹ̀ rí ni pé èmi fúnra mi ni ìyàwó bàbá.

Ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ ti kú ni mo fẹ́. Obìnrin náà, ọmọ Ìlárá ni, ó fi ọmọbìnrin kan sílẹ̀ sáyé. Ọmọ ọdún mẹ́jọ lọmọ náà nígbà tí mo wọlé, ó ti pé mọ́kànlá báyìí. Ọmọ tó gbọ́n, tó ń gbálẹ̀ láìjẹ́ pé a rán an, tó sì ń wò mí bí ìgbà tí ènìyàn ń wo ajá tí kò tíì mọ̀ bóyá ó ń géni jẹ. N kò lù ú rí. N kò febi pa á rí. Síbẹ̀, bí mo bá pè é lójijì, á gbọ̀n. Ó ń dùn mí, n kò ní purọ́. Mo máa ń bi ara mi pé kí ni mo ṣe.

Mo rí ìdáhùn díẹ̀ nínú kíláàsì mi. Ní sáà kan, mo ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan lọ béèrè àlọ́ ọmọ òrukàn nílé tirẹ̀. Ẹ mọ bí etí ẹnubodè ṣe rí, àwọn ọmọ Kétu wà nínú kíláàsì náà, ọmọ Ẹ̀gùn wà níbẹ̀, ọmọ Fúlàní náà wà níbẹ̀. Gbogbo wọn ló mú àlọ́ kan náà wá, aṣọ ọrùn rẹ̀ nìkan ló yàtọ̀. Nínú ti ọmọ Ẹ̀gùn, òkun ló gba ṣíbí ọmọ, kì í ṣe odò, ọmọ náà sì rí nǹkan ẹ̀rù nísàlẹ̀ omi tí kò gbọdọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá lè pa ẹnu mọ́ ló ń jèrè nínú tiwọn. Nínú ti ọmọ Fúlàní, igbá wàrà ló sọnù, kò sì sí arúgbó elégbò níbẹ̀, màlúù kan tí ẹ̀gún há sí lẹ́sẹ̀ ni ọmọ bá pàdé. Sùúrù ni ọba nínú tiwọn. Olùkọ́ Faransé wa, ará òdìkejì ẹnubodè, sọ pé nínú ti àwọn òyìnbó, inú eérú ìdí ààrò ni ọmọ náà ń sùn.

Mo dúró níwájú kíláàsì, mo ń ṣàlàyé fún wọn bí omi ṣe dúró fún ikú, bí igbá tó dákẹ́ ṣe dúró fún ọgbọ́n, bí olúkúlùkù ṣe ń fi ohun tó níyì lójú tirẹ̀ sínú àlọ́. Mo ṣàlàyé dáadáa, ẹ gbà mí gbọ́. Ṣùgbọ́n ohun kan ń jẹ mí lọ́kàn bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀. Odò ń di òkun, arúgbó ń di màlúù. Ìyàwó bàbá nìkan ni kò yí padà níbì kankan.

Ọjọ́ Sátidé kan ni ọ̀rọ̀ náà wá bá mi nílé. Ọkọ mi, tó ń ra àgbàdo kiri oko, ti gba Ọjà-Ọ̀dàn lọ láti àárọ̀. Mo jókòó sí pálọ̀, mò ń máàkì ìwé ìdánwò. Ọmọ náà ń fọ abọ́ lẹ́yìnkùlé. Mo gbọ́ tí nǹkan dún pàá. Nígbà tí mo débẹ̀, igbá fínfín tí ìyá tó bí mi fún mi lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi ti fọ́ sí mẹ́ta. Ìlárá ni ìyá mi ti rà á, ọmọ náà sì mọ̀, torí mo ti sọ fún un rí pé láti ìlú ìyá ẹ̀ ni igbá yìí ti wá.

"Àǹtí, ó bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ ni."

Ìyá mi ti kú. Kò sí ohun mìíràn tí mo ní tí ọwọ́ rẹ̀ kàn. Inú bí mi débi pé ojú mi ṣú. Mo ní, "Lọ wá irú ẹ̀ wá fún mi! Kí n tó rí ẹ nínú ilé yìí, kí n rí igbá mi!"

Mo yíjú padà, mo lọ jókòó ti ìwé mi. Ìbéèrè kẹta ni mò ń máàkì: "Sọ ìwà ìkà méjì tí ìyàwó bàbá hù." Ọmọ kan kọ ọ́ pé, "Ó rán ọmọ lọ wá igbá tó mọ̀ pé kò lè rí." Mo fa ìlà pupa sí i pé ó gbà á. Mo fún un ní gbogbo máàkì rẹ̀, mo sì ṣí ojú ewé kejì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín. Èmi gan-an ti rẹ́rìn-ín ara mi tó.

Ìgbà tí mo pè é kó wá jẹun ni n kò gbọ́ ohùn. Mo wo yàrá, mo wo ẹ̀yìnkùlé, mo dé ilé aládùúgbò méjì. Báàgì ilé-ìwé rẹ̀ kò sí níbi tó ń gbé e kọ́. Mo sáré dé gáréèjì, mo ń béèrè rẹ̀, ìyá Fúlàní tó máa ń ta wàrà níbẹ̀ ló dá mi lóhùn.

"Ọmọ yín ti wọ mọ́tò àwọn ará Ìlárá. Dírẹ́bà ní òun mọ ìyá àgbà ẹ̀. Ọmọ náà ní ẹ rán òun lọ wá igbá."

Ó wò mí bó ṣe ń sọ ọ́. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó mọ àlọ́ náà.

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Kí n sọ òótọ́: ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn kì í ṣe ọmọ náà rárá, ohun tí àwọn ènìyàn máa wí ni. Ìtìjú èyí ń mú mi títí di òní. Lẹ́yìn náà ni mo wá rántí ọ̀nà yẹn, àwọn mọ́tò tó ń kó ẹrù sáré lórí rẹ̀, àti pé ọmọ ọdún mọ́kànlá ni. Mo pe fóònù ìyá àgbà, kò wọlé. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Ìlárá, bó bá ti gba ti òdìkejì ẹnubodè mú, ó parí nìyẹn. Mo pe ọkọ mi, kò gbé e. Mo gun ọ̀kadà kan nínú ìró tí mo fi ń dáná, mo ní, "Ìlárá."

Ọlọ́kadà ní, "Màmá, ọ̀nà jìn o."

Mo ní, "Ṣé mo béèrè bó ṣe jìn tó ni?"

Àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù dá wa dúró lẹ́ẹ̀mẹta. Ní ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ dá wa dúró, mo bi wọ́n bóyá wọ́n rí ọmọbìnrin kan tó gbé báàgì ilé-ìwé. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ọmọ yín ni?" Mo ní ọmọ mi ni. Ó ní, "Báwo ló ṣe wá dá nìkan wọ mọ́tò?" Mo ní mo rán an níṣẹ́ ni. Ó ní, "Iṣẹ́ wo nìyẹn?" Mo gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó jẹ́ ká kọjá, bóyá àánú mi ló ṣe é.

Orí ọ̀kadà yẹn, nínú eruku, ni ohun tí mo ti fi gbogbo ọdún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ti wá yé èmi fúnra mi. Kò sí ìyàwó bàbá kan tó hun àlọ́ náà. Ìyá ló hun ún. Ìyá tó ń fi ọmọ sí ẹ̀yìn, tó ń rò ó pé bí òun bá kú lọ́la ńkọ́, ta ni yóò gbé e? Kò lè dúró ti ọmọ náà nígbà yẹn, ó wá fi àlọ́ ṣe ọgbà yí i ká. Ẹ̀gùn o, Fúlàní o, òyìnbó o, ẹ̀rù kan náà ló ń bà wọ́n. Èmi ni wọ́n ń ṣọ́. Bí mo ti ń bínú sí i náà ni mo ń gbà pé wọ́n jàre.

Nígbà tí mo dé Ìlárá, ìyá àgbà, ìyá tó bí ìyá ọmọ náà, jókòó síwájú ilé, ó ń pa ẹ̀gúsí. Ọmọ náà jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tí mo rí i, orúnkún ni mo fi balẹ̀, ó wá dà bíi pé ìyá àgbà ni mo kúnlẹ̀ kí.

"Ẹ kúulé o, Màmá."

"Hùn-ún. N ò ní igbá tí n ó fún un mú lọ," ni ìyá àgbà wí. Kò gbójú sókè. "Ọmọ náà ò sì ní padà mọ́. Sọ fún ọkọ ẹ pé ọmọ ọmọ mi ti délé."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́..."

"A máa ń fọwọ́ ọ̀tún na ọmọ ni, ká fòsì fà á mọ́ra. Ìwọ, òsì tìẹ dà? Látọjọ́ tí mo ti gbọ́ pé bàbá ẹ̀ ń mú ìyàwó bọ̀ ni mo ti ń pàlọ́ yìí fún un. Gbogbo ìgbà tó bá wá lo họlidé ni mò ń pa á fún un, kó lè máa ṣọ́ra. Àṣé n ò pa á lásán."

Mo kọjú sí ọmọ náà. Kò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa kí àgbà bẹ ọmọdé, pàápàá níṣojú ìyá àgbà rẹ̀, ṣùgbọ́n mo bẹ̀ ẹ́.

"Mo sọ ohun tí kò yẹ kí n sọ. Igbá ìyá mi ló fọ́, ọkàn mi sì gbọgbẹ́, àmọ́ ìwọ kọ́ lo pa ìyá mi. Má bínú sí mi."

Ọmọ náà ń wo ilẹ̀. Ìyá àgbà ló kọjú sí.

"Màmá Àgbà, nínú àlọ́ yín, ta ló wá ọmọ yẹn lọ?"

"Ta ni ì bá wá a lọ? Ìyá ẹ̀ ti kú."

"Ìyàwó bàbá ẹ̀ ńkọ́?"

"Ìyẹn? Ó jókòó sílé ni."

Ọmọ náà nawọ́ sí mi. "Èyí ò jókòó sílé."

Ọwọ́ ìyá àgbà dúró lórí ẹ̀gúsí. Ó gbójú sókè nígbà àkọ́kọ́ látìgbà tí mo ti dé. Ó wo eruku pupa tó bò mí láti orí dé ìró, ó wo ẹsẹ̀ mi. Ìgbà yẹn ni èmi náà wò ó: bàtà mi wà lẹ́sẹ̀ kan, ti ọkọ mi wà ní ìkejì. Omi bọ́ lójú ìyá àgbà, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún, èèpo ẹ̀gúsí lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́rẹ̀kẹ́.

"Dìde," ló wí fún ọmọ náà. "Lọ bu omi wá fún ìyá ẹ kó mu. Lẹ́yìn náà kó o kó ẹrù ẹ, kílẹ̀ má ṣú bá yín lọ́nà."